Ẹ̀rín Ardelia Lẹ́nu Ère

Ogójì ọdún ni ẹ̀rín tí Ardelia rín sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nígbà èwe rẹ̀ ti ń dún lẹ́nu ère obìnrin alágbàfọ̀ kan ní ọgbà ìgbafẹ́ ní Florida, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé àwọn ọmọdé kọjá. Inú fíìmù àtijọ́ tó fi àwa aláwọ̀ dúdú ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ti mú ère náà. Renita ọmọ ọmọ rẹ̀, tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ sọ ibẹ̀ di nǹkan mìíràn, mú un wọkọ̀.

“Màmá àgbà, ohùn yín ni. Ṣé ká yọ ọ́?”

“Ẹ yọ ọ́ jàre! Ìdí ère yẹn tóbi ju tèmi lọ, tèmi gan-an ò sì kéré!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe dé iwájú ère, ère náà pẹ̀lú bú sẹ́rìn-ín. Ardelia tẹ́tí sí i. Ẹ̀rín ọmọge ni, kò sí ikọ́ ọjọ́ ogbó nínú rẹ̀.

“Ẹ̀rín mi tó dùn jù lọ,” ló wí, “ibí yìí ni mo ti fi í ṣòfò.”