Ọjọ́ Tí Ẹsẹ̀ Má-fọwọ́-kàn-án Dìde

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Má-fọwọ́-kàn-án fi jókòó sápá ọ̀tún nílé aṣòfin. Àwọn alátakò ló fún un lórúkọ yẹn, òun náà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ohunkóhun tí àwọn àgbà bá ti kọ́ sílẹ̀, á ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ àga lásán, á béèrè pé kí ló ṣe èyí tó wà níbẹ̀.

Àfi bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gbé àbá wá pé kí wọ́n ti ilé ìwòsàn aláboyún àdúgbò rẹ̀ pa. Níbi tí wọ́n ti bí òun àti ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ìyàwó rẹ̀ sì ni àgbà agbẹ̀bí ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an yàn-an. Ó kó ìwé rẹ̀, ó sọdá sí ẹgbẹ́ kejì lápá òsì. Wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀, kò ta pútú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, ìyàwó rẹ̀ ń bá a tún táì so.

"Bàbá wọn, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú ṣáká. Ìbò kan la ó fi borí, ìbò tèmi sì ni."

Nílé aṣòfin yẹn, ìdúró ni wọ́n fi ń dìbò. Ẹni tó bá fara mọ́ àbá á dìde, akọ̀wé á máa kà wọ́n láti ìlà dé ìlà, ẹni tí kò bá sì tíì kàn ṣì lè jókòó padà. Olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì káwọn èèyàn rẹ̀ lè mọ̀ pé ó tó àkókò.

Ó wúkọ́. Ẹ wò ó, ọkàn bàbá yìí ti kó kúrò lẹ́gbẹ́ ọ̀hún, ẹsẹ̀ ò tíì gbọ́. Kó tó mọ̀, ó ti dúró gbagidi láàárín àwọn tó jókòó.

Ilé bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ káàbọ̀ sílé," ẹnì kan wí lápá ọ̀tún.

Akọ̀wé ku ìlà méjì kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè ní iṣan ló fa òun lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ.

"Abẹnugan, àṣìdìde ni mo dìde," ó wí ketekete. "Bárakú ni. Mi ò fara mọ́ àbá yìí." Ó jókòó, ẹ̀rín ṣì ń hó.

Ìbò kan ṣoṣo ni àbá náà fi ṣubú.

Ìyàwó rẹ̀, tó ti ń wòran láti ibi ìjókòó àwọn òǹwòran lókè, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Àyà mi já, bàbá wọn. Mo rò pé ìtìjú ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lè jókòó mọ́."

"Ojú tì mí, ìyá wọn. Ó tì mí gan-an."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú pinpin, kó tó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ jẹ́ n máa lọ. Obìnrin méjì ń rọbí, wọ́n ń retí mi."