Ìjókòó Ẹnì Kan

Gbogbo àdúgbò ló ń pe obìnrin náà ní Alábẹ́rẹ́, nítorí kò sí ìjókòó alùpùpù tó ya ládùúgbò tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Mẹkáníìkì ni ọkọ rẹ̀. Ìsọ̀ wọn fara kanra. Látìgbà tí ọmọbìnrin wọn ti bímọ sí ilẹ̀ òkèèrè, lẹ́yìn ààlà méjì, ni tọkọtaya yìí ti ń múra àtigun máṣìn lọ wò ó, ọkọ níwájú, ìyàwó lẹ́yìn. Wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà, wọ́n sì ti jà tán lórí ibi tí wọ́n máa sùn sí lọ́nà. Oníbàárà kankan ò lè kúrò lọ́dọ̀ Alábẹ́rẹ́ láìgbọ́ nípa ọmọ-ọmọ tó ń lọ gbé pọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ fi àkísà wé ìjókòó máṣìn wọn, ó gbé e sórí tábìlì Alábẹ́rẹ́, ó ní kó fi awọ tuntun bò ó. Kò dúró gbọ́ èsì.

Alábẹ́rẹ́ tú àkísà náà. Wọ́n ti fi ayùn gé ìdajì ẹ̀yìn dànù. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bóyá ojú ló ń tan òun. Ìjókòó ẹnì kan ṣoṣo ni. Àṣé ọkùnrin yìí fẹ́ dá lọ, ó tún fẹ́ kí òun fọwọ́ ara òun rán ibi tó máa fìdí lé! Ojú ò tilẹ̀ tì í. Inú bí i débi pé ó mú ọ̀bẹ, ó la fóòmù náà látòkè délẹ̀, ó sì gbé e wọ ìsọ̀ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ibo lẹ ní kí n jókòó sí?"

Mẹkáníìkì wo fóòmù tó ya. Kò bínú, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ ba Alábẹ́rẹ́ lẹ́rù, torí bí nọ́ọ̀tì máṣìn kan péré bá sọnù, ilé ò ní rójú. Ó gbé ìjókòó náà sórí máṣìn.

"Gùn ún ná."

Alábẹ́rẹ́ fi ìkùnsínú gùn ún. Ọkọ rẹ̀ ga, òun kúrú. Látọjọ́ tó ti kọ́ òun ní máṣìn, orí ìka ẹsẹ̀ nìkan lòun fi ń tẹlẹ̀ tí òun bá gùn ún. Lónìí, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀; wọ́n ti fá fóòmù náà wálẹ̀ dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀.

"Dókítà yẹ ọ̀pá ẹ̀yìn mi wò," ni ọkọ rẹ̀ sọ. "Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ gun máṣìn mọ́ láyé mi, ìbáà ṣe níwájú, ìbáà ṣe lẹ́yìn. Ìwọ nìkan lo máa lọ."

Alábẹ́rẹ́ wá rántí. Bí ọkùnrin yìí ṣe ń di ìbàdí mú kó tó lè dìde lórí ibùsùn, ẹ̀rín lòun ń fi í rín, òun ń pè é ní bàbá arúgbó.

"Ta ló máa wá sọ fún ọmọ pé ẹ ò wá?" Alábẹ́rẹ́ béèrè.

"Ìwọ ni. Tó o bá débẹ̀."

Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kó ní òun ò lọ síbì kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, síbi tí òun ì bá jókòó sí, kò bá nǹkan kan. Ó wá ní kí ọkọ òun bá òun mú gọ́ọ̀mù wá, kí òun lẹ fóòmù náà pọ̀.