Fọ́tò Tí Susannah Fẹ́ Mú Lọ

"Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin." Táòfíkì onífọ́tò ń na ìka sí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n dúró sí lẹ́yìn àga àwọn òbí wọn. "Mẹ́rin. Ṣé wọ́n pé?"

Màmá Susannah, tó ti tún gèlè wé lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí fọ́tò yìí, dìde lórí àga, ó tú gèlè náà, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Táòfíkì yíjú sí bàbá wọn, Bàbá Ajíbádé, òṣómàáló tó ti kiri aṣọ dé Kánò kó tó padà wá jókòó sí Iléṣà. "Bàbá, kí ni mo ṣe?"

"O kà wọ́n." Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀ sórí orúnkún. "Ṣé wọn kì í sọ ọ́ ní Òṣogbo yín pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?"

Wọ́n ń sọ ọ́. Kí ni wọn kì í sọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, àdúgbò Táòfíkì l'Óṣogbo? Ká ní ìyá Táòfíkì wà níbẹ̀ ni, ìfọ́tí ni ì bá fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ba ẹnu rẹ̀ jẹ́. Tọmọ ilé ìwé, tẹgbẹ́ àwọn télọ̀, kíkà ló fi ń mọ iye bẹ́ǹṣì tí yóò tò, kíkà sì ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "A ní ọmọ kan, Abíọ́lá, òun lẹni tó tẹ̀lé Dọ́káàsì, ọmọ wa kẹta yìí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ìjọba ń ka ènìyàn, ọkùnrin kan wọ àgbàlá yìí, ó na bírò sí àwọn ọmọ bí o ṣe na ìka yẹn. Márùn-ún ló kọ sílẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí èéyi mú Abíọ́lá lọ. Mo ní èéyi ni, dókítà ní èéyi ni. Ìyá rẹ̀ ní kíkà tí wọ́n kà wọ́n ni. Láti ìgbà náà, kò dárúkọ ọmọ yẹn mọ́."

Susannah, àkọ́bí wọn, ti ń sunkún. "Bọ̀dá Fọ́tò, lọ́jọ́ Ajé ni mò ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó. Ọdún mẹ́ta ni n ó fi kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó. Bí ojú Màmá ò bá sí nínú fọ́tò yẹn, ẹ má wulẹ̀ yà á."

Táòfíkì wo ojú ọ̀run. Òjò oṣù kẹjọ ti ń ṣú bọ̀. Ìtìjú mú un dé egungun. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù, tòun ti ṣòkòtò funfun.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Àìmọ̀kan ni."

"Dìde, jàre. Aṣọ rẹ ń bàjẹ́." Màmá kò wo ojú rẹ̀. Gèlè ni ó ń ká lọ́wọ́, tó ń tú, tó tún ń ká. "O ní ṣé wọ́n pé. Kí ni kí n dá ọ lóhùn?"

Táòfíkì dìde. "N kò ní kà wọ́n mọ́, Màmá. N kò tilẹ̀ ní tò wọ́n. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá tò wọ́n. Ẹ wá wò wọ́n nínú ẹ̀rọ."

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í jẹ́ kí oníbàárà kankan wọ abẹ́ aṣọ dúdú tí onífọ́tò máa ń fi borí lẹ́yìn kámẹ́rà. Awo iṣẹ́ ni, ó ní. Kàdíjátù, ìyàwó Táòfíkì gan-an, kò débẹ̀ rí. Táòfíkì mú Màmá padà sídìí ẹ̀rọ, ó sì gbé aṣọ náà sókè fún un. Màmá ki orí bọ̀ ọ́.

Lójijì ni abẹ́ aṣọ ké gbàjarè.

"Yéè! Onífọ́tò, o ti dorí àwọn ọmọ mi kodò!"

"Bí dígí rẹ̀ ṣe máa ń gbé e nìyẹn, Màmá. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ síwèé tán, orí á padà sókè."

Màmá kò jáde. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bí wọ́n ṣe wá bá mi náà nìyí. Orí ni wọ́n fi ṣáájú." Ẹ̀rín bú jáde lábẹ́ aṣọ. "Àfi Ọlágòkè tó fẹsẹ̀ wáyé. Ìgè, òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ forí ṣáájú!"

Ọlágòkè, géńdé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, fọwọ́ bojú. Ni ìyá wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. "Susannah, sún mọ́ bàbá rẹ. Dọ́káàsì, gbé àgbọ̀n sókè. Ọdúntán, mo ní ọ̀tún, o ń lọ sósì!" Dígí náà ló ń yí ọ̀tún sí òsì, Táòfíkì kò sì dá sí i. Wọ́n pààrà títí tí Bàbá fúnra rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Màmá jáde, àyè kan wà láàárín Dọ́káàsì àti Ọdúntán àbíkẹ́yìn, ó gba ọmọdé kan. "Ẹ súnmọ́ra, ẹ súnmọ́ra" lorin onífọ́tò níbi gbogbo. Táòfíkì lanu, ó sì tún pa á dé.

Màmá wé gèlè, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sórí kámẹ́rà. Táòfíkì ki fíìmù bọ ẹ̀rọ, ó di rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ ya fọ́tò mú. Ó fẹ́ kà á dé ẹ̀ta bó ti máa ń ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà ṣẹ́jú, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Màmá rí i. "Èmi ni n ó pe orúkọ wọn," ó ní. "Má tẹ̀ ẹ́ títí n ó fi dórí àbíkẹ́yìn."

Ó gbójú sókè. "Susannah. Ọlágòkè. Dọ́káàsì."

Bàbá na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Abíọ́lá," ni Màmá wí. "Ọdúntán."

Táòfíkì tẹ rọ́bà. Kámẹ́rà dún kẹ́.

Òjò dé. Àwọn ọmọ ń sáré gbé àga wọlé, Táòfíkì ń fi aṣọ dúdú bo ẹ̀rọ rẹ̀. Màmá dúró tì í, omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀, bóyá òjò nìkan sì kọ́.

"Onífọ́tò, o bi mí ní nǹkan lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ forí jì mí, Màmá."

"Wọ́n pé," ni Màmá wí, ó gbé àga tirẹ̀, ó sì wọlé.