Àwọ̀ Pupa Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Arne

Lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ Àìkú, Arne Halvorsen a jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ìlú Mayo, lókè lọ́hùn-ún ní Yukon, Marit ọmọ rẹ̀ a sì jókòó síwájú tirẹ̀ ní Burnaby. Bàbá àti ọmọ a wá máa wa ọkọ̀ akẹ́rù lórí yìnyín tí kò sí níbì kankan láyé. Ọ̀nà Yìnyín ni eré náà ń jẹ́, iléeṣẹ́ tí Marit ń bá ṣiṣẹ́ ló sì ṣe é. Arne fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa katakata tó ń ha yìnyín kúrò lójú títì kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ fojú kan yìnyín mọ́, kò mọ ìwà àgbàlagbà ni.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹta, Arne kò wá. Wendell Pruitt àti Bernice ìyàwó rẹ̀, àwọn méjì tó kù nínú ẹgbẹ́ wọn, ti wọlé sínú eré láti Moose Jaw, wọ́n dúró títí, wọ́n lọ. Marit pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní igi ìdáná lòun ń là. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó ní páìpù èéfín ààrò ló bàjẹ́. Àwáwí àgbà kì í ṣòro mọ̀ fún aládùúgbò. Ọmọ tó bí ni kì í tètè mọ̀ ọ́n.

Ká tó mọ ohun tó lé bàbá sílé, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọmọ ṣe níbi iṣẹ́.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ gbogbo awakọ̀ a máa hàn lórí pátákó kan, nọ́ḿbà kan a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Píǹgì làwọn òṣèré ń pe nọ́ḿbà náà. Kọ̀ǹpútà àgbà kan ló ń darí eré, ó wà ní Seattle. Kọ̀ǹpútà yìí a máa kí ẹ̀rọ awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìkíni kúkúrú, ẹ̀rọ náà a sì jẹ́ ẹ lóhùn lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà téèyàn ké “ẹ ǹ lẹ́ o” sí ará ilé kejì tó wá ń retí “hòo”. Àkókò tó wà láàárín ìkíni àti ìdáhùn, tí wọ́n ń kà ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, òun ni píǹgì. Bí nọ́ḿbà bá kéré, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bó bá pọ̀ díẹ̀, ó di ìyeyè. Bó bá kọjá àádọ́jọ, ó pupa.

Marit ló ń bójú tó pátákó yìí. Lọ́jọ́ kan ó ń wo iṣẹ́ tí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kọ sílẹ̀, ó sì rí i pé ọkùnrin náà pín nọ́ḿbà sí méjì kó tó gbé e síta. Àlọ nìkan ló kà, ó fi àbọ̀ sílẹ̀. Inú bí Marit. Awakọ̀ tó bá yí sítíárìn, ìròyìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé Seattle kó sì padà kí ọkọ̀ tó yà lójú rẹ̀, ta ló wá ń fi ìdajì ìdúró tan ènìyàn jẹ? Ó pa ìlà kan ṣoṣo yẹn rẹ́. Kò fọwọ́ kan ààlà àwọn àwọ̀ rárá, nítorí ó ti wò wọ́n, wọ́n sì tọ́: ohun tó bá kọjá àádọ́jọ yẹ kó pupa.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, nọ́ḿbà gbogbo ayé ti di ìlọ́po méjì, ariwo sì ta. Àwọn òṣèré kọ̀wé pé iléeṣẹ́ ti ba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì jẹ́. Ẹnì kan ní Halifax búra pé ọkọ̀ òun ń wọ́ bí àpò ìyẹ̀fun tó mumi, pé òun ń mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀, ìyára eré náà kò fi ìṣẹ́jú àáyá kan yàtọ̀ sí ti àná. Ojú ló rí nọ́ḿbà, ló wá lọ sọ fún ọwọ́.

Devinder Gill, ọ̀gá wọn, kò rí ohun tó ń pa Marit lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó pè é wọ ọ́fíìsì.

“Marit, jọ̀ọ́, dá a padà.”

“Kí n dá irọ́ padà, ọ̀gá?”

“Kó o dá àlàáfíà padà ni mo wí. Ta ló bi wá ní òótọ́?”

“Gbogbo ẹni tó bá wo nọ́ḿbà yẹn ló ń bi wá.”

Devinder pòṣé, ó ní òun fún un di ìparí oṣù, bí ariwo kò bá rọlẹ̀, kí wọ́n yáa máa pín in sí méjì lọ. Marit jáde pẹ̀lú orí gíga. Òótọ́ wù ú bí ẹran ṣe ń wu ológbò, ìyẹn ò sì burú, àfi pé kò rántí béèrè ibi tí òótọ́ náà máa bà sí.

Nítorí àṣà kan wà láàárín àwọn awakọ̀ Ọ̀nà Yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pupa lórí pátákó a máa tọrọ gáfárà, a sì bọ́ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣàdédé yọ síwájú ẹlòmíì kó kọ lù ú. Wọn kì í lé e, òun ló ń lé ara rẹ̀. Ọdún pọ̀ tí nọ́ḿbà Arne ti wà ní ọgọ́rin lé mẹ́rin, ó tutù, ó dá ṣáṣá. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe Marit, ó ti dé ṣáájú gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó rí orúkọ ara rẹ̀ tó pupa bí ata, ó sì pa ẹ̀rọ rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó dé.

Wendell ló tú àṣírí lọ́jọ́ Àìkú kẹta. Ó ní Arne ti kọ̀wé sí òun pé kóun wá awakọ̀ mìíràn, pé òun Arne kò fẹ́ ṣèdíwọ́ fún ẹnikẹ́ni, kóun má sì jẹ́ kí Marit gbọ́. “Àmọ́ èmi ò lè bá a pa irú àṣírí bẹ́ẹ̀ mọ́,” ni Wendell wí. “Bàbá ẹ ni, lọ bá a sọ̀rọ̀.”

Marit pè é lójú ẹsẹ̀.

“Dádì, igi yẹn ò tíì tán?”

“Ó ti tán tipẹ́.”

“Kí ló wá dé tí ẹ ò wá?”

“Orúkọ mi ti pupa, Marit. Ẹ̀yin ò ní lè sọ ọ́ lójú mi, mo mọ̀. Nígbà tí mò ń ha ọ̀nà, tí mo bá ti rí iná ọkọ̀ lẹ́yìn mi báyìí, ẹ̀gbẹ́ ni mò ń ya sí kí ó lè kọjá. Mi ò dá èèyàn dúró rí. Ṣé ọjọ́ ogbó ni kí n wá bẹ̀rẹ̀?”

Ara tu Marit, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. “Ṣé torí ìyẹn ni? Èmi ni mo sọ yín di pupa, Dádì. Nọ́ḿbà yẹn ni mo tún ṣe. Bẹ́ ẹ ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà lẹ ṣì wà.”

“Tẹ́lẹ̀ láti ìgbà wo?”

“Láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ohùn Arne lọ sílẹ̀. “Ṣé pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń dá yín dúró, tí ẹnì kankan ò sọ fún mi?”

Arne ní ọjọ́ tí ọkọ̀ òun àti ti Bernice kọ lura, tí Bernice rì sínú adágún, tí gbogbo wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, a jẹ́ pé òun ni ẹ̀bi yẹn tọ́ sí. Ó ní kí Marit bá òun bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní iná ààrò fẹ́ kú, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ó dun Marit wọra. Ó ti rò pé ìtùnú lòun gbé lọ fún bàbá òun, àṣé ọgbẹ́ kan lòun dá kún òmíràn. Lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́, ó ṣí ibi tó ti pa ìlà yẹn rẹ́, ó sì wò ó pẹ́. Ó lè dá a padà, kí inú Devinder dùn, kí orúkọ Arne sì tutù padà. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Arne ti mọ̀ báyìí, kò sì sí àwọ̀ ewé tó lè mú kó má mọ̀ mọ́. Ó pa ibẹ̀ dé.

Irinṣẹ́ kan wà tí gbogbo wọn ní níbi iṣẹ́, tó ń dá ìròyìn dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà, kí àwọn tó ń gbé nítòsí Seattle lè mọ bí eré ṣe rí fún ará òkèèrè. Òfin ni pé kí kálukú fi í dán iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó gbé e jáde. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á tàn án, wọ́n á wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà tó gún, wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á pa á. Marit náà kò lò ó ju ìgbà tí kọfí fi ń tutù lọ rí, kò sì fi í dé kọ́nà kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó gbé e délé, ó yí i dé iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ gan-an, ó sì kọ̀wé sí i pé kó wá fún eré kan péré, àwọn méjèèjì nìkan, kò sí ẹni tí ẹnikẹ́ni máa dá dúró.

Arne wá. Pátákó ṣí, orúkọ méjì péré ló wà lórí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì pupa.

“Kí ló ṣe tìrẹ?” ni Arne bi í lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ eré náà.

“Ọ̀dọ̀ yín ni mo wá, Dádì.”

Ọkọ̀ méjèèjì gbéra.

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, Marit yí sítíárìn bó ṣe máa ń yí i, ọkọ̀ kò sì ṣe bí ẹni gbọ́. Nígbà tó máa gbọ́, ó ti wọnú òkìtì yìnyín. Ó jáde, ó tún sáré, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ lu afárá. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó ti rì sínú adágún. Ìtìjú mú un, torí awakọ̀ gidi ni, òun ló sì ń ṣírò ìdúró yìí fún gbogbo ayé. Ọkọ̀ Arne ń lọ níwájú jẹ́jẹ́, kò fara kan nǹkan kan.

“Dádì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?”

“Báwo ni mo ṣe ń ṣe kí ni?”

“Bẹ́ ẹ ṣe ń yà.”

“Mo ń yí ọwọ́ kí n tó dé kọ́nà. Yìnyín ṣáà ni. Tó o bá dúró dìgbà tó bá dé ojú rẹ, ó ti bọ́.”

Ìgbà yẹn ló yé Marit. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, bàbá rẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ ṣáájú ohun tó ń rí, ó rò pé yìnyín ló fà á, kò sì ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Marit gbé ọkọ̀ rẹ̀ sọ́nà padà, ó ń rá pálá bọ̀. Nígbà tó yọ sí gbangba, ó rí i pé Arne ti ya sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó tan iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó dúró.

“Ẹ máa lọ, Dádì. Mò ń dá yín dúró.”

“Ta ló ń lé wa?”

“Ṣé kò sú yín ni?”

“Kí ló máa sú mi níbẹ̀? Ọmọ mi ni mò ń dúró dè.”

Marit jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́ ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Nígbà tó yá, ọkọ̀ iwájú tún gbéra díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n lé òun bá.

“Kọ́nà kan ń bọ̀ lọ́wọ́ òsì,” ni Arne wí. “O ò tíì lè rí i. Má wò ó. Yí ọwọ́ báyìí.”

Ọ̀nà ṣì gún gbọọrọ lójú Marit. Ó yí ọwọ́. Ọkọ̀ dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń rò ó, lẹ́yìn náà ó yà, kọ́nà sì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an níbi tí bàbá rẹ̀ wí.

“Ẹ ṣé, Dádì.”

“Bá mi sọ fún Wendell,” ni Arne wí, “pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kí Bernice jìnnà sí adágún.”