Ìyá Àgbà Kì Í Wọ Yàrá Ọkọ

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kọkànlá ọdún 1962 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ní ìlú Kétu, ní òwúrọ̀, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ Rosalie lórúkọ tán, tí oyin tí wọ́n fi tọ́ ọ lẹ́nu kò tíì gbẹ nínú àwo. Ìyá Sùlè fa Morónkẹ́, ìyá Rosalie, lápá wọ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n ni Ìyá Sùlè jẹ́ fún Ládélé, ọkọ Morónkẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ni àṣẹ ilé wà.

“Ìyàwó wa, o kú oríire. O di ìyá àgbà lónìí. Láti òní lọ, yàrá Ládélé di èèwọ̀ fún ọ. Ìyá àti ọmọ kì í jọ wà lórí ẹní ọkọ.”

Morónkẹ́ kò jiyàn. Bí ìyá tirẹ̀ ti ṣe nìyẹn ní ọjọ́ tí òun bí Rosalie. Ohun tí gbogbo àgbà ilẹ̀ náà sì gbà ni pé nǹkan oṣù ni ó ń fọ inú obìnrin mọ́. Bí ó bá ti dáwọ́ dúró, ohun tí ọkùnrin bá fi síbẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde mọ́, yóò jókòó, yóò rà, ikùn yóò sì wú títí yóò fi pa onítọ̀hún. Nǹkan oṣù Morónkẹ́ ti dáwọ́ dúró láti ìgbà ìkórè àgbàdo. Nígbà tí wọ́n padà dé Kpankou, abúlé tí Ládélé ti ń dáko, tí Ìyá Sùlè pẹ̀lú ń gbé, ó kó aṣọ rẹ̀ jáde, ó sì lọ ń sùn ní yàrá tí wọ́n ń kó àgbàdo pa mọ́ sí.

Ẹni tí ó bá ní àgbà obìnrin kì í fẹ́ ọkọ rẹ̀ mọ́, kí ó bi Morónkẹ́ léèrè. Ládélé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láàrin àwùjọ, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá ti tì, kò sí ìjòyè Kétu tí kò lè sín jẹ, títí aya rẹ̀ yóò fi fi ìró di ara rẹ̀ lẹ́nu nítorí ẹ̀rín. Ẹ̀rín yìí ń wu Morónkẹ́. Ara ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ń wù ú. Bí Ládélé bá gbé ọkọ́ kọjá ní àgbàlá, òun a gbé ojú sílẹ̀ bí ọmọge tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àfẹ́sọ́nà hàn, òun a sì bínú sí ara rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ dé, ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ẹnu kànga ni Ìyá Sùlè ti rí i.

“Ìyàwó! Ikùn wo nìyí?”

“N kò mọ̀, ẹ̀gbọ́n.”

“O mọ̀. O ṣì ń yọ́ lọ bá a ni.”

“Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, n kò tẹ ilẹ̀ yàrá rẹ̀.”

“A jẹ́ pé ti àtẹ̀yìnwá ni ó ń rà níbẹ̀. Mo ti ń wò yín tipẹ́. Bí ewúrẹ́ bá rí ewé ẹ̀gẹ́, kò níí ṣe tó bí ẹ ti ń ṣe!”

Àwọn tí ń fa omi rẹ́rìn-ín. Ìyá Sùlè kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ níbẹ̀ pé òun ti rí ọmọbìnrin kan ní Adakplamè tí yóò máa gbé pẹ̀lú Ládélé, nítorí ọkùnrin kò lè ṣe àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Kí ọyẹ́ tó lọ, òun yóò ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé ọmọ náà.

Morónkẹ́ gba ilé ìwòsàn kékeré kan lọ. Désiré, ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ funfun tí ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é. Morónkẹ́ fi ìgboyà sọ ọ́ bí ó ti rí: ikùn òun wú, ọkọ òun sì ń wu òun, ṣé èkejì ni ó fa èkíní?

Désiré tú ẹ̀rín sílẹ̀. “Ìyá, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró kò ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lára mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa. Ọkàn yín ni kò balẹ̀.”

Kò fọwọ́ kan ikùn náà. Ó fún un ní oògùn oníhóró funfun. Morónkẹ́ lò ó, ó sì sùn lọ nídìí ààrò ní ọ̀sán gangan títí ọbẹ̀ ẹyìn fi jóná mọ́ ìkòkò. Oorun dé lóòótọ́. Ìfẹ́ kò lọ, ikùn kò sì fà.

Àwọn ará ilé ní ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ti ilé ìwòsàn ní kò sí rárá. Morónkẹ́ nìkan ni ó mọ̀ pé ó wà, àti bí ó ti tó. Síbẹ̀, bí ó ti ń tú ìró rẹ̀, tí ó ń tún un ró láti fi bo ikùn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbọ́ pé ìfẹ́ Ládélé ni yóò pa òun.

Nígbà tí ọyẹ́ ń lọ sópin, ó sin Rosalie, tí ó gbé ọmọ wá kí wọn, lọ wọn ọmọ ní Kétu. Agbẹ̀bí ìjọba tuntun kan ti dé láti Àjàṣẹ́, olú ìlú, Sidonie ni orúkọ rẹ̀. Ó wọn ọmọ tán, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ìyá àgbà.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dùbúlẹ̀ kí n wo ikùn yín.”

Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó yẹ inú rẹ̀ wò pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, ó bi í léèrè bí nǹkan oṣù rẹ̀ ti máa ń rí kí ó tó dúró.

“Ó máa ń pọ̀ gan-an,” ni Morónkẹ́ wí.

“Iju ni, kókó tí ó máa ń hù nínú ilé ọmọ. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ ti rù, ìyẹn ni ó jẹ́ kí ó hàn. Bí nǹkan oṣù ti dúró yìí, òun náà yóò máa súnkì. Ẹ ó máa wá kí n máa wò ó, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì tún yọ, ẹ má ṣe dúró nílé.”

Morónkẹ́ wo Rosalie, ó wo ilẹ̀. “Wọ́n ní ọkọ ni ó fà á.”

“Ọkọ kẹ̀? Àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní fẹ́ ọkọ láéláé, mo ti rí i lára wọn ní Àjàṣẹ́. Ọkùnrin wo ni ó fi í sí tiwọn?”

“Ìfẹ́ tí ó ṣì wà lára mi ńkọ́?”

“Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ìyá. N kò ní oògùn rẹ̀.”

Wọ́n ti jáde ìlú kí Rosalie tó sọ̀rọ̀.

“Màmá, nítorí tèmi ni ẹ ṣe ń bá eku sùn nínú àgbàdo?”

“Kí ojú má baà tì ọ́ ni.”

“Kí ojú tì mí? Ọmọ tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ jìyà, kò tíì mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀!”

Morónkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ikùn rẹ̀ sì ń mì níwájú rẹ̀ láìsí ẹ̀rù nínú rẹ̀ mọ́.

Wọ́n bá Ìyá Sùlè àti Ládélé lábẹ́ igi nínú àgbàlá. Oòrùn ṣì mú. Morónkẹ́ ro ohun gbogbo fún wọn.

“Àwọn obìnrin Àgùdà náà?” ni Ìyá Sùlè béèrè.

“Àwọn náà.”

“Tí wọn kò mọ ọkùnrin rí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.”

Ohùn Ìyá Sùlè kò le mọ́. “Bàbá Sùlè kan ilẹ̀kùn mi títí ó fi sú u. N kò ṣí i. Ẹ̀rù ikùn yìí ni ó bà mí.” Ó nu ojú rẹ̀. “Ó dára. Àṣà ṣì ni àṣà. Ládélé, kí ni kí n rán sí Adakplamè?”

“Ẹnu ìyá Rosalie ni mo ń wò,” ni Ládélé dáhùn.

Morónkẹ́ dìde dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ọkọ mìíràn fún ọmọ wọn. Èmi ń padà sí yàrá ọkọ mi, lọ́sàn-án yìí, lójú gbogbo yín.”