Jàlálù Ìfọ́n, Ọmọ Ìlobùú

Bí rédíò Bàbá Jàlálù ṣe ń bàjẹ́ lọ́dún 1986 yẹn, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣépè fún un. Lónìí kò ní sọ̀rọ̀ rárá, lọ́la á máa han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Màríámọ̀, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, á sì yára gbé e sínú àpò aláwọ̀ ewé kan, á ní, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, mo ń gbé e lọ Òṣogbo."

Irọ́ ni. Kò sóhun tó ń ṣe rédíò náà ju pé Màríámọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń fa wáyà kan yọ nínú rẹ̀. Kì í sì í ṣe Òṣogbo ló ń gbé e lọ. Ìfọ́n ni, lọ́dọ̀ Múdàṣírù atúnrédíòṣe, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹyinjú rẹ̀ mọ́ bí omi orísun. Bó bá rẹ́rìn-ín báyìí, aránṣọ bíi Màríámọ̀ lè fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka kó má mọ̀. Inú ọkọ̀ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni wọ́n ti pàdé. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára bí òwú ṣe ń wọ aṣọ, tí ojú rírán náà kò sì hàn sí ẹnikẹ́ni.

Ta ni yóò sọ fún Bàbá? Ó ti búra pé ọmọ òun kankan kò ní fẹ́ ará Ìfọ́n. Àwọn èèyàn rò pé nítorí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì ni. Ìjà ilẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń dun Bàbá dé egungun ni orúkọ.

Nígbà ogun Hítílà, tí wọ́n ń kó sójà lọ sí Bọ́mà, ìlú tí sójà bá ti wá ni wọ́n máa ń kọ mọ́ orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé ìlú ọ̀hún ló bí i. Jàlálù àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Hàmídù ọmọ Ìfọ́n, ni wọ́n jọ lọ. Akọ̀wé bi Hàmídù níbi tó ti wá, ó ní Ìfọ́n. Akọ̀wé wo Jàlálù tó dúró tì í, ó rí i pé wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà kan náà, kò wulẹ̀ bi í léèrè mọ́. Ó kọ "Jàlálù Ìfọ́n." Kí ọmọ Ìlobùú tó mọ ohun tí wọ́n kọ, wọ́n ti ju bàtà sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀rín ni àwọn méjèèjì fi rín nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, tí mẹ́dàlì dé, "Jàlálù Ìfọ́n" ni wọ́n pè. Bàbá kò dáhùn. Ó ní òun kò ní fi orúkọ ìlú onílùú gba ẹ̀yẹ, ni mẹ́dàlì bá padà síbi tó ti wá. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún wá le, òun àti Hàmídù kò jọ fẹnu kan oúnjẹ mọ́.

Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé ọ̀gá sójà kan, Ọládèjì, ń bọ̀ láti Ìbàdàn sí Òṣogbo láti bá àwọn sójà àtijọ́ tún orúkọ wọn ṣe, kí wọ́n lè gba mẹ́dàlì wọn. Ẹni tó bá fẹ́ àtúnṣe, kó mú ẹni tí wọ́n jọ jagun wá, kó wá jẹ́rìí.

"Ta ló kù nínú wọn, Bàbá?" Màríámọ̀ béèrè.

Bàbá tún fìlà dé. "Àwọn yòókù ti lọ bá Ọlọ́run. Ó ku ọ̀gbẹ́ni Ìfọ́n yẹn."

Ọ̀gbẹ́ni Ìfọ́n yẹn gan-an ni bàbá Múdàṣírù!

Nígbà tí Bàbá àti Màríámọ̀ dé Ìfọ́n, abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ni wọ́n bá Bàbá Hàmídù, tó ń jẹ gúgúrú.

"Sójà!" ó kígbe láìdìde. "Jàlálù Ìfọ́n! O wá padà sílé!"

"Hàmídù, má bú mi o. Ìlobùú ni mo ti wá, Ìlobùú ni mo sì ń padà sí."

"Pẹ̀lú okùn bàtà tó tú yìí?" Ó yíjú sí Màríámọ̀ tó wà lórí ìkúnlẹ̀. "Dìde, ọmọ dáadáa. Ní Bọ́mà, èmi ni mò ń bá bàbá rẹ so okùn bàtà."

"Ta ló pọ̀n ọ́ kọjá odò, tí o ń ké bí ewúrẹ́?"

"Odò yẹn jìn!"

"Ó dé ọ lórúnkún!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Màríámọ̀ ti ń dúpẹ́ lọ́kàn nígbà tí rédíò kan ké gbàgà nínú ilé. Bàbá Jàlálù tẹ́tí. Ó na ọrùn wo ojú fèrèsé. Lórí tábìlì ni rédíò rẹ̀ tó tún bàjẹ́ níjẹta wà, nínú àpò aláwọ̀ ewé tí Màríámọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ rán.

"Màríámọ̀," ó ní pẹ̀lẹ́, "ṣé Òṣogbo ti ṣí wá sí Ìfọ́n ni?"

Múdàṣírù sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, Bàbá. Kò sóhun tó ṣe rédíò yín rí. Wáyà kan náà ni mo máa ń dá padà."

"Nígbà tí o mọ̀, kí ló dé tí o ò sọ?"

"Bí mo bá sọ, Bàbá, kò ní bàjẹ́ mọ́."

Gúgúrú há Bàbá Hàmídù lọ́fun níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Jàlálù kò rẹ́rìn-ín.

"Dìde, Màríámọ̀, a ń lọ. Mi ò ní fi ọmọ ra ẹ̀rí."

"Ta ló tà á fún ọ?" ni Bàbá Hàmídù wí. "Ọ̀fẹ́ ni màá jẹ́rìí. Ọmọ Ìlobùú ni ọ́. Àwa pàápàá ò fẹ́ ọ ní Ìfọ́n."

Nígbà tí ọjọ́ Òṣogbo pé, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n wọ ọkọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé bàbá tirẹ̀. Bàbá jókòó sáàárín Màríámọ̀ àti Múdàṣírù bí ògiri. Ọmọbìnrin náà ń wo ojú fèrèsé, omijé ń yọ̀ lójú rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò, ó ń rò ó pé lónìí Bàbá á gba orúkọ rẹ̀, òun á sì pàdánù olólùfẹ́ òun.

Ọ̀gá Ọládèjì wo àwọn àgbà méjèèjì. "Ẹ kú ìrìn, ẹ̀yin bàbá. Àmọ́ àwọn kan ti ń háyà ẹlẹ́rìí ní gáréèjì. Lánàá, sójà àtijọ́ kan wá jẹ́rìí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo bi í ní orúkọ ọ̀rẹ́, ó gbàgbé. Torí náà, ẹni tí ẹ jọ jagun nìkan kò tó mọ́, ó gbọ́dọ̀ tan mọ́ yín. Báwo lẹ ṣe jẹ́ síra yín?"

Bàbá Hàmídù fẹsẹ̀ kilẹ̀ gìrì, ó kí i kíkí sójà. "Àna mi ni, sà!"

Ọ̀gá Ọládèjì yíjú sí Bàbá Jàlálù.

"Ṣé òótọ́ ni, Bàbá?"

Orúkọ tí Bàbá Jàlálù ti ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀ ló so rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé sójà kì í purọ́ fún ọ̀gá.

"Sà, ẹ fún mi láyè díẹ̀." Ó yí padà. "Màríámọ̀! Áténṣàn!"

Màríámọ̀ nà ró ṣánṣán.

"Ṣé o fẹ́ atúnrédíòṣe yìí?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà lásán?"

"Kì í ṣe wáyà lásán."

"Ìwọ ńkọ́, Múdàṣírù?"

"Títí ayé, sà!" Ohùn rẹ̀ dé ìta.

Bàbá tún yí padà, ó na ọwọ́ sí iwájú orí. "Òótọ́ ni, sà. Àna mi ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di òótọ́ ni."

Ọ̀gá Ọládèjì rẹ́rìn-ín títí, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà: Jàlálù Ìlobùú.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà, Màríámọ̀ àti Múdàṣírù ni wọ́n jókòó ti ara wọn. Rédíò Bàbá ń kọrin lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wáyà kankan kò sì yọ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

"Bí wọ́n bá bímọ ńkọ́?" ni Bàbá Hàmídù wí. "Ìfọ́n ni wọ́n á kọ mọ́ orúkọ rẹ̀ o."

Bàbá Jàlálù fọwọ́ pa àyà ẹ̀wù rẹ̀, níbi tí mẹ́dàlì yóò wà.

"Kí wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè," ó ní.