Ajá Tó Ń Kọ́ Ọ̀nà

Bí ẹ bá rí Abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn, bó ṣe ń ki wáyà ẹ̀rọ géèmù bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn bàbá rẹ̀, ẹ ó rò pé olè ni.  Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ki wáyà kan ṣoṣo kó tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn o! Òun ni olórí àwọn méje tó ń ṣe géèmù Akólẹ́tà, èyí tí ọkùnrin kan ti ń gbé àpò lẹ́tà sáré lórí òrùlé, tó ń fò láti ilé dé ilé, tí ajá sì ń lé e. Wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́, wọ́n ti ṣe ìkejì, àwọn èèyàn sì gba tiwọn. Ìkẹta ló wà nínú ẹ̀rọ tó gbé wá yìí, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin gbáko.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé kan níwájú Ọ̀gá wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé náà: ṣé ìkẹta yìí kọjá ìkejì? Tó bá buwọ́ lù ú, géèmù á jáde. Tí kò bá buwọ́ lù ú, kí gbogbo wọn padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí oorun ò ti kun ojú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá, kò sì lè sọ ohun tó fà á fẹ́nì kankan.

"Abẹ́rẹ́, ṣé wáyà lò ń hun níbẹ̀ yẹn ni?" bàbá rẹ̀ pè é láti orí àga. Òun ló sọ ọmọbìnrin rẹ̀ yìí ní Abẹ́rẹ́ láti kékeré, nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú.

Télọ̀ ni bàbá kí ojú rẹ̀ tó lọ. Télọ̀ tó mọṣẹ́ ni, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Bó ṣe ń gé aṣọ, bẹ́ẹ̀ ló ń dá àpárá. Aṣọ tó bá le, tó ń gbó o lẹ́nu, nìkan ló ń mú kó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sápò kó tó mú sísọ́ọ̀sì. Bí àwọn ọmọṣẹ́ bá ti rí i tó ń bọ́ aago, kálukú á panu mọ́. Ọdún mẹ́fà rèé tí kò ríran mọ́. Aago ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ràn bó ṣe ń dún. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù tó lè dá ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni di apá rẹ̀ mú ni Akólẹ́tà Kejì. Ìka rẹ̀ ti mọ gbogbo òrùlé inú rẹ̀ kí ojú tó lọ: fò, fò, bẹ̀rẹ̀, sáré, kanlẹ̀kùn. "Bọ́tìnnì ni gbogbo ẹ̀," ló máa ń wí. "Ta ló fẹ́ kọ́ télọ̀ ní bọ́tìnnì?"

"Ó ti parí, Bàbá. Ẹ gba páàdì yín."

Bàbá fi àtàǹpàkò yẹ bọ́tìnnì páàdì wò, ó bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀ nínú tẹlifíṣàn, òjò tí ẹnì kan fi oṣù mẹ́jọ ṣe, ẹ gbà mí o! Páànù ń dán, ẹ̀wù akólẹ́tà ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bàbá ò rí ìkankan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń lọ sókè sódò nílẹ̀ bí ẹni ń tẹ máṣíìnì, ó sì ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ, nípa aládùúgbò tó máa ń ti ilẹ̀kùn gbàgà láàárọ̀. Kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ajá ò fẹnu kan gìgísẹ̀ rẹ̀. Kí ogójì ìṣẹ́jú tó pé, ó ti jíṣẹ́ gbogbo lẹ́tà ìlú àkọ́kọ́.

Ó gbé páàdì lé itan. "Ó dáa. Mo ti na ìka mi. Wá gbé tuntun yẹn sí i wàyí."

 Abẹ́rẹ́ wo òjò oṣù mẹ́jọ tó ń rọ̀ lójú tẹlifíṣàn, ó wo bàbá rẹ̀ tó ń dúró. Ojú tì í débi pé irọ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àtijọ́ ni mo ṣèèṣì gbé wá."

"Kò burú. Iṣẹ́ ti kún orí ẹ jù. Gbé e bọ̀ nígbà mìíràn, ìyá mi."

Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Ẹlòmíì lè má mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé ó yẹ kí ọmọ télọ̀ má mọ̀ ọ́n? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń lé oorun lójú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, obìnrin kan nínú àwọn méje náà, tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí ohùn rẹ̀ tí kì í jáde, mú ajá tuntun wá. Ajá náà ń kọ́ ọ̀nà. Òrùlé tí o bá gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan, bí o bá tún gba ibẹ̀, wàá bá a níbẹ̀ tó ń dúró dè ọ́. Gbogbo ẹni tó dán an wò ló figbe ta, tó sì tún ní kí wọ́n gbé e fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Abẹ́rẹ́ ló ní rárá. Ó ní oníbàárà ò fẹ́ wàhálà. Irọ́ gbuu! Bàbá rẹ̀ ló rò. Ojú ti lọ, ṣọ́ọ̀bù ti lọ, ṣé òun ọmọ rẹ̀ ló tún máa fi ajá sórí ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìka rẹ̀ mọ̀? Bó ṣe dínà mọ́ ajá nìyẹn, tó sì dínà mọ́ géèmù fúnra rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wọn jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀gá, obìnrin tí kì í fìdí kanlẹ̀, ti ìwé àti bírò síwájú Abẹ́rẹ́. "Ó kọjá àbí kò kọjá? Mo ń jáde lọ."

Òógùn ti mú kí bírò máa yọ̀ lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́.  "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbá a díẹ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó gba páàdì. Òun náà ti gbá ìkejì títí ó fi sú u. Bó ṣe ní kí òun bẹ̀rẹ̀, Abẹ́rẹ́ na ọwọ́, ó pa ojú tẹlifíṣàn. Ó ku ohùn nìkan.

"Èwo tún nìyẹn?"

"Ẹ máa gbá a lọ, mà."

Ìka Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Fò, fò, bẹ̀rẹ̀, sáré. Wọ́n gbọ́ tí akólẹ́tà kan ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ ilẹ̀kùn kejì. Ní ilẹ̀kùn kẹta, Ọ̀gá gbé páàdì sílẹ̀ jẹ́ẹ́. 

"Ìkejì nìyí," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bàbá mi gbá a lánàá. Wọn ò ríran. Wọ́n ní kí n lọ gbé tuntun wá."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì.

"Ọdún mẹ́rin!" Ọ̀gá na tábìlì. "Ọdún mẹ́rin la fi ń kun ọ̀dà sára ilé àtijọ́!"

Abẹ́rẹ́ wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ajá, ọ̀rọ̀ bàbá, irọ́ tó fi oníbàárà pa. Kò lè wo ojú Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń bi èèyàn lọ́nà lọ.

"Mo ti ń rò ó pé ajá mi ni ò dáa. Ọdún méjì ni mo fi rò bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Abẹ́rẹ́ ju ariwo Ọ̀gá lọ. Ọ̀gá ya ìwé náà sí méjì. "Oṣù mẹ́ta. Jẹ́jẹ́ ni olórí. Ìwọ, abẹ́ ẹ̀ lo wà." Kò sẹ́ni tó lè ní ó rẹ́ ẹ jẹ.

Oṣù mẹ́ta náà le. Abẹ́rẹ́ ló ṣe ohùn ajá: bí èékánná rẹ̀ ṣe ń dún lórí páànù, kí ẹni tó bá tẹ́tí lè mọ̀ bóyá òsì ló wà tàbí ọ̀tún. Nígbà tó bẹ Jẹ́jẹ́ pé kí wọ́n dín eré ajá kù nítorí àwọn àgbà, Jẹ́jẹ́ mi orí. "Àgùntàn lo fẹ́ ká fi lé bàbá ni?"

Ó di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Abẹ́rẹ́ tún gbé ẹ̀rọ lọ sílé bàbá rẹ̀.  Bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpárá rẹ̀. Fò, fò, bẹ̀rẹ̀, gbàm! Ajá ti mú un. "Yéè!" Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ajá tún mú un. Nígbà ìkẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nílẹ̀. Nígbà ìkẹfà, ó ti dákẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Nígbà ìkeje, Abẹ́rẹ́ tó dúró sẹ́yìn àga ti di ẹ̀yìn àga náà mú. Mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn, ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Èyí tó kù yìí náà, mo ti gbà á.

Bàbá na páàdì sẹ́yìn sí i. "Gbà."

Ó gbà á. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Àtijọ́ ṣì wà, màá gbé e wá fún yín báyìí báyìí."

"Àtijọ́ wo?"

Abẹ́rẹ́ wò ó. Bàbá ti na ọwọ́ òsì síwájú, ó ń fi ọ̀tún tú okùn aago. Ó bọ́ ọ, ó rọra fi í sápò àyà, ó sì na ọwọ́ méjèèjì padà.

"Mú un wá. Ajá burúkú gbáà ni. Òsì ló sá pamọ́ sí, àbí? Má sọ fún mi o."